Oyin tó gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin fò: ìdí tí àṣìṣe kò fi tán nínú géèmù Skyrim

Nígbà tí iléeṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ń ṣe géèmù Skyrim lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà mìíràn á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á máa gbọ̀n rìrì, á sì gbéra lọ sójú ọ̀run. Lọ́dún 2021 ni Nate Purkeypile, tó wà lára àwọn tó ṣe é, tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà: oyin ló fà á.

Tẹ́lẹ̀, oyin inú géèmù náà kò ṣeé mú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi í po oògùn níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn ló wá fún oyin ní ara tó lè forí gbá nǹkan, láìsí ohun tó lè tì í kúrò lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ fẹ́ kọjá, oyin ò yẹ̀, ni kẹ̀kẹ́ bá fò. Bug, ìyẹn kòkòrò, ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú àṣìṣe báyìí. Kòkòrò gidi ni tọ̀tẹ̀ yìí.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, àwòrán lásán ni ife orí tábìlì. Ní Skyrim, tó jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2011, o lè gbé ife náà, kí o jù ú nù, kó máa yí gbirigbiri. Bí nǹkan tó ní ara ṣe ń pọ̀ ni ohun tó lè kọlu ara wọn ń pọ̀. Wo ọgbọ́n korobá: o dé korobá lé ọlọ́jà lórí, o kó ọjà rẹ̀ tán, kò ké olè. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà ń wò ó bóyá ojú ọlọ́jà tó ọ, korobá sì dí ojú náà. Ó bọ́gbọ́n mu! Ohun tó kù ni pé ọlọ́jà ò bi ọ́ pé kí ni korobá ń ṣe lórí òun.

Àwọn tó ra géèmù náà fún PlayStation 3 kò rẹ́rìn-ín. Bí fáìlì eré wọn ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni géèmù ń wọ́ bí ìgbín.

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà rọ́gbọ́n dá. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, Bethesda fún wọn ní Creation Kit lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè ṣe mod, ìyẹn àfikún àti àtúnṣe tiwọn. Wọ́n ṣe SkyUI nítorí pé mẹ́nù inú géèmù náà kò bá máòsì mu. Wọ́n tún ṣe Unofficial Patch, tó ń pa àwọn kòkòrò tí Bethesda fi sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Bethesda àti Valve, iléeṣẹ́ tó ni ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Steam, ní kí mod di títà níbẹ̀, kí ẹni tó ṣe é máa gba ìdá 25 nínú 100. Ariwo sọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n dá a dúró.

Èmi ò ní kí wọ́n gba korobá lórí ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó parí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún géèmù kan náà gbé jáde lọ́dún 2016 ní Special Edition, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún yìí náà ló tún jókòó ṣe Unofficial Patch mìíràn fún un.