Kí O Tó Ra Òrùka Dáyámọ́ǹdì fún Àfẹ́sọ́nà Rẹ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Agége, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó fa àpótí kékeré kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.”

Òrùka ni. Òkúta kan wà lórí rẹ̀ tí ó ń kọ mànà. Ó ní ẹni tí ó ń tà á sọ pé dáyámọ́ǹdì ni, pé òun sì ti san ìdajì owó rẹ̀ nínú àjọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Òpin oṣù ni òun yóò san ìyókù. Mo béèrè ìwé tí ó bá òrùka náà wá. Ó ní kò sí. Mo béèrè rìsíìtì. Ó wolẹ̀.

Èmi kì í ṣe alágbẹ̀dẹ góòlù, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún un, ohun náà ni mo sì kọ síhìn-ín, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dé bá láti Agége dé Ìkẹjà.

Àṣà tuntun ti dé. Ọkùnrin a kúnlẹ̀ lórí eékún kan níwájú ọmọbìnrin, a na òrùka sí i, àwọn ọ̀rẹ́ a sì máa ya fọ́tò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀, dídọ̀bálẹ̀ ni ó ń dọ̀bálẹ̀, àwọn òbí ìyàwó ni ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bí baba mi àgbà bá rí ọkùnrin tí ó kúnlẹ̀ ní gbangba níwájú wúńdíá, ohun tí yóò béèrè ni bóyá owó kan ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń wá.

Òrùka fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìdána wa. Ẹ ti rí i bí alága ṣe máa ń ní kí ìyàwó lọ mú ẹ̀bùn kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n gbé wá, tí ọmọ náà yóò sì lọ gbé Bíbélì tàbí Kùránì, tí òrùka yóò sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so ó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní òkúta gbọ́dọ̀ wà lórí òrùka náà?

TA NI Ó NÍ KÍ A RÀ Á?

Ní 1867 ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì tí ó kọ́kọ́ lókìkí ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́bàá odò Orange. Ní 1888 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ De Beers sílẹ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ yìí sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwò dáyámọ́ǹdì ayé sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní 1947, obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Gerety, tí ó ń bá wọn kọ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, kọ gbólóhùn kúkúrú kan tí ó sọ pé dáyámọ́ǹdì a máa wà títí láé. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, ìpolówó wọn ti ń bi ọkùnrin léèrè bóyá owó oṣù méjì ti pọ̀ jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “owó oṣù méjì” ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Kì í ṣe Bíbélì, kì í ṣe òfin ìjọba, kì í sì í ṣe àwọn baba wa ni ó sọ ọ́. Ẹni tí ó ni ọjà ni ó sọ iye tí ó yẹ kí a fi ra ọjà òun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ ni ₦70,000. Oṣù méjì rẹ̀ jẹ́ ₦140,000. Ẹni tí ó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí ó sì tún ń wá yàrá tí òun àti ìyàwó yóò gbé ní Agége, mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nítorí òkúta. Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ kì í ṣe ogún. Àwa tí a wà ní ìtòsí rántí ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkẹjà, tí ó ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní 2008, àti àwọn tí gbèsè ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà náà.

Bí ẹnì kan bá sì ní owó rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáyámọ́ǹdì, kí ó rà á. Ìyẹn kò burú. Kí ó ṣáà mọ ohun tí ó ń rà.

Òkúta yìí kò ṣàjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i ní Gánà ní 1919, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó ń wà á, tí wọ́n sì ń tà á, kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àlejò jáde ní 1969. Wọ́n rí i ní Sàró ní 1930, ní agbègbè Kono, níbi tí wọ́n ti hú òkúta ńlá kan tí ó wọn kárátì 968.9 jáde ní 1972. Ṣùgbọ́n òkúta kan náà ni wọ́n fi ra ìbọn nínú ogun tí ó jà ní Sàró láti 1991 títí di 2002. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi fi ẹnu kò sí ètò tí wọ́n ń pè ní Kimberley, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, pé dáyámọ́ǹdì tí a kò tíì gé kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìní ìwé ìjọba. Ẹ kíyè sí i: òkúta tí a kò tíì gé ni ìwé yẹn wà fún. Bí oníṣòwò kan bá sọ fún yín pé òrùka tí ó wà lọ́wọ́ òun ní ìwé Kimberley tirẹ̀, yálà kò mọ ohun tí ó ń sọ, tàbí ó rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀.

BÍ A ṢE Ń DÁ A MỌ̀

Dáyámọ́ǹdì ni ó le jù nínú gbogbo òkúta ilẹ̀. Bí a bá fi líle òkúta sí ipò láti 1 dé 10, òun ni 10. Iyanrìn wíwẹ́ tí ó máa ń wà nínú eruku jẹ́ 7, dígí kò sì tó 6. Ìdí nìyí tí òrùka onídígí fi máa ń pàwọ̀ dà láàárín oṣù díẹ̀: eruku ojú ọ̀nà wa ń ha á lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òòlù lu òkúta kankan láti dán an wò gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí. Líle yàtọ̀ sí yíyi. Dáyámọ́ǹdì tòótọ́ lè là sí méjì lábẹ́ òòlù, ẹni tí ó lù ú yóò sì jókòó sunkún.

Èyí tí ó rọrùn ni pé kí a fi ẹnu fẹ́ èémí gbígbóná sí i, bí ìgbà tí a fẹ́ nu awò ojú. Lára dígí, kùrukùru náà yóò dúró díẹ̀. Lára dáyámọ́ǹdì, kíá ni yóò parẹ́, nítorí pé òkúta yìí ń gba ooru kọjá lọ́nà àrà. Orí ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onígóòlù máa ń tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ òkúta kà. Ẹ̀rọ yẹn yóò tú àṣírí dígí, yóò sì tú ti zirconia, òkúta àtọwọ́dá tí ó kún ọjà láti ọdún 1976. Zirconia a máa dán, kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀ bí a bá tà á ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan mìíràn wà tí ń jẹ́ moissanite, tí ó dé ọjà ní 1998. Èyí lè tan ẹ̀rọ náà jẹ, nítorí pé òun pẹ̀lú ń gba ooru kọjá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídún ẹ̀rọ nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ó tún ku ẹyọ kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ. Kì í ṣe ayédèrú. Ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tí a wà nínú ilẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba rárá. De Beers fúnra wọn tà á ní 800 dọ́là fún kárátì kan ní 2018, nígbà tí ti inú ilẹ̀ ń lọ ní ìlọ́po rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí, ẹ rà á, kí ẹ sì san owó tirẹ̀. Olè ni ẹni tí ó ta á fún yín ní iye ti inú ilẹ̀.

Ìwé ni ó ń parí ìjà. Ilé àyẹ̀wò ńlá wà fún òkúta iyebíye, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni GIA ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Wọn yóò kọ ìwọ̀n òkúta, àwọ̀ rẹ̀, bí inú rẹ̀ ti mọ́ tó àti bí wọ́n ti gé e dáadáa tó. Wọ́n tún lè fín nọ́ńbà ìwé náà sí bèbè òkúta ní lẹ́tà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè kà á láìlo awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà náà hàn yín lára òkúta, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì GIA, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tòótọ́ lè tẹ̀ lé òkúta tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kárátì kan jẹ́ gíráàmù 0.2 péré. Òkúta tí ó wọn 0.9 máa ń dínwó gan-an sí èyí tí ó pé 1, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àna kan tí yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, gígé ni n óò fi owó sí, nítorí pé òun ni ó ń mú kí òkúta tàn. Èyí tí ó tóbi tí a kò gé dáadáa dà bí omi àná. Ẹ má sì ṣe da kárátì òkúta pọ̀ mọ́ kárátì góòlù. Ti góòlù kì í ṣe ìwọ̀n, bí ó ti mọ́ tó nínú ìpín 24 ni. Ẹ wo inú òrùka: 750 jẹ́ kárátì 18, 375 jẹ́ kárátì 9. Bí ẹ bá rí 925, fàdákà ni. Bí ọ̀ràn bá dé tí a fẹ́ ta òrùka, góòlù ni onígóòlù yóò wọ̀n. Iye tí yóò fi lé òkúta kékeré máa ń dójú ti ènìyàn.

Ẹ tún ro ti ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́. Òrùka tí òkúta rẹ̀ yọ gogoro a máa fa aṣọ ya lọ́wọ́ aláṣọ. Ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ òrùka wọ ibi iṣẹ́ rárá, ìbáà jẹ́ ti ìyàwó ọba. Bí ẹ̀rọ bá gbá òrùka mú, ìka ni yóò bá a lọ. Kí ó fi í sílé. Dáyámọ́ǹdì sì fẹ́ràn ọ̀rá púpọ̀. Ní Kimberley, wọ́n máa ń da omi pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ gba orí tábìlì tí wọ́n fi gírísì kùn, òkúta lásán yóò ṣàn lọ, dáyámọ́ǹdì yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ìyàwó tí ó fi òrùka rẹ̀ po èlùbọ́, tí ó fi ro ọbẹ̀ epo, kí ó má rò pé wọ́n ti pààrọ̀ òkúta òun. Kí ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 197, sọ pé ẹni tí ó pe ẹjọ́ pé wọ́n ṣèlérí ìgbéyàwó fún òun tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́, kò lè jàre bí ohun mìíràn kò bá ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn. Òrùka, lẹ́tà àti àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ lè ṣe irú ìtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Òfin kò béèrè bóyá òkúta wà lórí òrùka.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ náà gbé òrùka rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Agége. Bàbá náà fi ẹ̀rọ kàn án, ẹ̀rọ kò fọhùn. Ó fi awò wò ó, ó yí i padà, ó ní, “Zirconia ni, ọmọ mi. Ó sì dára.” Ọmọ náà kò lè dáhùn.

Nígbà tí ó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé inú yóò bí i. Ó ní ẹ̀rín ni ọmọ náà kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà ni ó béèrè iye tí ó kù nínú àjọ. Télọ̀ ni. Ó fi òwú wọn ìka ara rẹ̀, ó ní góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní òkúta ni òun fẹ́, tí kò ní máa kọ́ aṣọ oníbàárà. Bàbá alágbẹ̀dẹ náà ni ó ṣe é fún wọn. Ẹni tí ó ta òrùka àkọ́kọ́ ti dá apá kan owó padà lẹ́yìn tí àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà bá a lọ. Ó ní kí wọ́n wá gba ìyókù lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyí.