Ọmọ Tí A Ń Pè Ní Aláìgbọ́ràn

Bí a bá pe ọmọdé tí kò sì dáhùn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu àgbà jáde ni pé aláìgbọ́ràn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti nà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni olóríkunkun. Etí àwọn mìíràn ń di lọ díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tí ó fura.

Etí ọmọ kì í dúró lójú kan. Àwọn kan wà tí a bí ní adití. Àwọn mìíràn gbọ́ dáadáa ní ìkókó, kí àìsàn tó ba etí wọn jẹ́. Yírunyírun, àrùn tí ó máa ń mú kí ọrùn le, lè sọ ọmọ di adití láàrin ọjọ́ díẹ̀. Èéyi àti ṣegede náà lè ba etí jẹ́.

Bí etí bá ń ṣọyún, tàbí tí omi dúró sínú rẹ̀, ọmọ lè gbọ́ lónìí, kí ó má gbọ́ dáadáa lọ́la. Èyí máa ń tan òbí jẹ. Ọmọ sì lè gbọ́ ìró ìlù, kí ó má mọ ìyàtọ̀ láàrin “sá” àti “fá”.

Ìkókó tí ń gbọ́ máa ń ta gìrì bí ariwo ńlá bá dún. Ní nǹkan bí oṣù 6, ó máa ń yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké. Bí ọmọ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ bá ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí yírunyírun bá ṣe ọmọ, ẹ jẹ́ kí a yẹ etí rẹ̀ wò ní kété tí ara rẹ̀ bá yá. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí etí tí ó dá lónìí lè bàjẹ́ lẹ́yìn náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 10 tí kò gbọ́ràn dáadáa, nǹkan bí 6 ni a lè dènà tiwọn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má ṣe da àdín tàbí àgbo sí etí tí ń ṣọyún, ẹ má sì fi igi ro ó.

Ọmọ tí etí rẹ̀ kò là mọ́ ṣì lè kàwé, kí ó sì kọ́ṣẹ́. Ní Louho, ní Àjàṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ wà fún àwọn adití.

Nítorí náà, kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a dúró sẹ́yìn ọmọ náà, kí a pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú, ilé ìwòsàn ni ó kàn.