Káàdì Àwìn àti Owó Ilé Ìsinmi ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé tó bá ń lọ sinmi ló máa ń yá odidi ilé dípò yàrá òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n lè ríbi dáná, kí àwọn ọmọ sì ríbi ṣeré. Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ tí wọ́n ń gbà yá a ni Airbnb, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2008, àti Vrbo, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1995. Owó alẹ́ kọ̀ọ̀kan nìkan kọ́ ni wọ́n ń san: owó ìtọ́jú ilé wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ iléeṣẹ́ tó so onílé pọ̀ mọ́ ayálé náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí iye tí wọ́n bá kọ síta kó gbogbo owó tó pọn dandan pọ̀, yàtọ̀ sí owó orí. Àpapọ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀dínwó orí káàdì àwìn lè mú kí àpapọ̀ owó náà dín kù. Báńkì àti iléeṣẹ́ tó ń gba owó náà ni wọ́n jọ ń ṣètò rẹ̀, báńkì á wá yan àwọn oníbàárà tó máa rí i nínú áàpù wọn. Ìdí nìyí tí káàdì ọkọ fi lè ní in kí ti aya má ní in, ó sì dára kí àwọn méjèèjì yẹ tiwọn wò. American Express ń pe tiẹ̀ ní Amex Offers, Chase ń pe tiẹ̀ ní Chase Offers. Kí oníkáàdì tó sanwó ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì tó so ẹ̀dínwó mọ́ káàdì rẹ̀, káàdì yẹn gan-an ni yóò sì fi sanwó. Iléeṣẹ́ á gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Báńkì ló máa wá dín gbèsè oníkáàdì kù tó bá yá.

Ibi tó gba àkíyèsí jù ni iye tí báńkì ní kéèyàn ná. Ká ní ó ṣèlérí 60 dọ́là fún ẹni tó bá ná 500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ilé sì jẹ́ 600. Ẹni tó bá san 300 báyìí, tó fi 300 sílẹ̀ di ìgbà tí ìrìnàjò bá kù díẹ̀, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí ìlànà bá gbà kó sanwó lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó méjèèjì á pa pọ̀, bí èkejì kò bá ti kọjá gbèdéke ọjọ́. Ó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ ka ìlànà yẹn ju bó ṣe ń wo àwòrán ilé lọ.

Èlé ló lè jẹ gbogbo èrè náà tán. Lórí káàdì tó ń gba ìdá 24 nínú 100 lọ́dún, gbèsè 600 dọ́là ń bí nǹkan bíi 12 dọ́là lóṣù. Oṣù márùn-ún ti gbé 60 dọ́là lọ nìyẹn. Ẹni tó lè san gbogbo gbèsè náà kí ọjọ́ tó pé nìkan ni ẹ̀dínwó yìí wúlò fún. Bí èèyàn bá sì fagi lé ìrìnàjò, tí wọ́n dá owó ilé padà sórí káàdì, báńkì lè gba ẹ̀dínwó tiẹ̀ padà.