Mélòó ni Yín? Sísọ Iye Ènìyàn ní Èdè Potogí

Kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Potogí tí ìbéèrè kan kò ní í tètè bá: èèyàn mélòó ni yín? Ẹni tí ń gba àlejò ní ilé oúnjẹ ní Lisbon yóò bi í. Ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Salvador yóò bi í pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣàṣìṣe níbẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ ń rò kí a tó dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé Yorùbá ni ó yẹ kí a fi ṣe àkàsọ̀.

Bí a bá jẹ́ mẹ́rin, a ó ní, ‘Mẹ́rin ni wá.’ Potogí ní, ‘Somos quatro.’ ‘A jẹ́’ ni somos. ‘Mẹ́rin’ ni quatro. Èdè méjèèjì so iye mọ́ àwọn tí a ń kà láìsí agbedeméjì. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ pé mẹ́rin wà, kí ó tó fi kún un pé àwa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tọ ọ̀nà yìí yóò ní, ‘Há quatro de nós’. Ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè rò pé mẹ́rin nínú ọ̀pọ̀ ni ó ń sọ.

Yorùbá tún mọ ìyàtọ̀ láàrin ‘mẹ́rin’ àti ‘mẹ́rẹ̀ẹ̀rin’. Nígbà tí a bá ti mọ iye àwọn ènìyàn náà tẹ́lẹ̀, Potogí a máa fi os ṣáájú: ‘Os quatro chegaram’, èyí ni pé, ‘Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé.’

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Yorùbá kò ti lè ràn wá lọ́wọ́. Èdè wa kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Obìnrin méjì yóò ní, ‘Somos duas’. Ọkùnrin méjì, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan, yóò ní, ‘Somos dois.’ Ìbéèrè náà pàápàá ń yí padà: ‘Quantos são?’ ni a ń bi ọkùnrin tàbí àdàlù, ‘Quantas são?’ ni ti obìnrin nìkan. Láti três títí dé vinte, èyíinì ni láti orí ẹ̀ta dé ogún, nọ́ńbà kò yí padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ni ó kù. Ní ọdún 1943, Maria José Dupré, òǹkọ̀wé ọmọ Bràsíìlì, tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Éramos Seis. Ìyá kan ní São Paulo ni ó ń sọ̀tàn ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́rin. Nígbà tí ìtàn yóò fi parí, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘Mẹ́fà ni wá’, a ti ba ìtàn náà jẹ́. ‘Mẹ́fà ni wá tẹ́lẹ̀ rí’ ni. Ohun tí a fi ọ̀rọ̀ méjì kún kí ó tó yé ni, éramos nìkan ṣoṣo gbé e.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n mọ̀ pé iye ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ somos àti éramos ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.