Ọwọ́ Awakọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Í Júwe Lójú Pópó Láìséwu

Lọ́dọọdún, jàǹbá ojú pópó ń pa nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 káàkiri àgbáyé. Àwọn tí ó lé ní ìdajì nínú wọn ni àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀ rárá: ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń gun alùpùpù. Láàárín ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 5 sí 29, kò sí ohun tí ń pani tó o. Níbi tí awakọ̀ kan kò bá ti mọ ohun tí èkejì fẹ́ ṣe, ewu ti wà nítòsí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún pópó. Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Nítorí náà, apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, ọwọ́ òsì sì ni ó súnmọ́ fèrèsé. Ọwọ́ tí a kì í nà sí àgbà ni yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí iná tí ń ṣẹ́jú, èyí tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní tiráfíkétọ̀, bá kú.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ń lo apá ọ̀tún, ẹni tí ó fẹ́ yà sí òsì yóò na apá gbọnrangandan síta. Ẹni tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún yóò ká ìgunpá, kí ọwọ́ dúró ṣánṣán sókè. Ẹni tí ó fẹ́ dúró yóò rọ apá sílẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn. Kí ó kọ́kọ́ wo dígí, kí ó júwe kí ó tó dé oríta, kí ó sì dá ọwọ́ padà sórí sítíárìn kí ó tó yà.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń lọ́ ọ kí ó tó sáré, òun náà ni a fi ń tẹ bíréèkì táyà iwájú. Kò yẹ kí ó kúrò níbẹ̀. Èrò ẹ̀yìn lè bá ọlọ́kadà na ọwọ́ pẹ̀lú ọkàn rere, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń darí.

Lóru, nínú òjò tàbí nínú ọyẹ́, ọwọ́ kò hàn. Títún iná ọkọ̀ ṣe nìkan ni ọ̀nà àbáyọ.

Èyí tí ó burú jù ni ọwọ́ tí awakọ̀ akẹ́rù ń jù sí ẹni ẹ̀yìn pé kí ó kọjá. Kò mọ bí ọkọ̀ ẹni ẹ̀yìn ṣe lè sáré tó. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé èèpo ẹ̀pà ni ó ń dà nù. Kí ẹni ẹ̀yìn dúró títí ojú ara rẹ̀ yóò fi rí i pé ọ̀nà ṣófo.