Ilé kì í ṣàdédé wó: iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ilé wò l'Ékòó

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Massey Street, Ìta Fájì, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Ènìyàn 20 ló kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló tọ́ sí i.

LASBCA ni àjọ tó ń sàmì bẹ́ẹ̀. Òfin ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2010, ló fún un láṣẹ láti máa bẹ ilé wò. Iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, LSMTL, ló ń yẹ agbára kọnkéré àti irin wò.

Wọ́n á ti òòlù Schmidt mọ́ òpó. Irin inú òòlù náà á gbá kọnkéré, á sì ta padà. Bó bá ta padà dáadáa, kọnkéré náà le. Àwọn onímọ̀ tún lè gbẹ́ ibì kan, kí wọ́n fọ́n oògùn phenolphthalein sí i. Ibi tó bá pọ́n ṣì ń dáàbò bo irin. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ti wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ iwájú ṣeé ṣírò láti ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá wọ mílímítà 10 ní ọdún 10, tí ohunkóhun kò sì yí padà, ọdún 40 ni yóò tó wọ mílímítà 20, nítorí bó ṣe ń jìn ló ń falẹ̀. Bó bá kan irin, irin á dípẹtà, á wú, á sì máa ti kọnkéré já bọ́ láti àjà. Omi balùwẹ̀ tó ń jò àti iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun a máa mú ọjọ́ náà yá.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, tó darí láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1862 tẹ̀dó sí, kún fún ilé ẹbí. Ilé jẹ́ ti gbogbo ẹbí, àmọ́ owó àtúnṣe kò sí lọ́rùn ẹnì kan. Ibi tó bá sán, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kun ọ̀dà sí i, ẹ̀rí á sì parẹ́.

Ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ bí ìbàjẹ́ ṣe ń yára tó. Ìbẹ̀wò méjì tó ní déètì ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀, kí ayálégbé sì lè rí i kó tó sanwó. Kí ẹbí náà fi pẹ́ńsùlù kọ déètì sí ìparí ibi tó sán kí ẹnikẹ́ni tó lẹ̀ ẹ́. Àtúnṣe tí a bá ti mọ ọdún rẹ̀ ṣáájú, ẹbí lè máa dáwó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn tí òpó ti yẹ̀, owó kò lè ṣe é mọ́.