Ọlidé tán, ojú wálẹ̀: Ohun tójú àwọn àjèjì ń rí bí wọ́n bá padà sí Dubai

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti ń parí lọ, èrò kì í dá ní pápákọ̀ òfurufú Dubai. Ọmọ Íńdíà, ọmọ Philippines, ọmọ Íjíbítì, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ọmọ Yorùbá tí èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kún inú báàgì wọn, gbogbo wọn ló ń ti ọlidé bọ̀. Ẹ̀rín ni nínú ọkọ̀ òfurufú. Àmọ́ bí ilẹ̀kùn gíláàsì bá ti ṣí báyìí, tí ooru fẹ́ sí wọn lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò àmàlà, oníkálukú á rántí ibi tó wà. Ooru ibẹ̀ lóṣù kẹjọ máa ń ju 40 lọ lórí òǹkà Celsius, òru gan-an kì í tutù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Tàwọn wọ̀nyí wá yàtọ̀ o, nítorí ilé ni wọ́n ti ń bọ̀, oko ni wọ́n ń padà sí. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé United Arab Emirates, bíi mẹ́sàn-án ni kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Èèyàn lè lo ogún ọdún níbẹ̀, kó bímọ síbẹ̀, kó gbọ́ èdè Lárúbáwá yé, síbẹ̀ ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń tún ṣe látìgbàdégbà ni yóò máa fi gbé e. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n so ìwé ọ̀hún mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé náà ń lọ nìyẹn.

OWÓ TI TÁN, ILÉ Ò SÌ MỌ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dà wọ́n láàmú ni owó. Òfin iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan gba ìsinmi 30 ọjọ́, kówó oṣù ẹ̀ sì pé. Wọn kì í yọ owó orí nínú owó oṣù níbẹ̀, ìyẹn làwọn ará ilé ṣe rò pé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kówó. Ìyá fẹ́ kí wọ́n tún òrùlé ṣe, àbúrò fẹ́ san owó ilé ìwé, bàbá àgbà àdúgbò lóun ò tíì rí nǹkan fi pa òǹgbẹ látìgbà tí wọ́n ti dé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun láhun? Wọ́n á ná tọwọ́ wọn, wọ́n á tún yá kún un. Ilé ò gbọdọ̀ gbọ́ pé bẹ́ẹ̀dì alókè ni wọ́n ń sùn sí, nínú yàrá kan táwọn bíi mẹ́fà jọ háyà ní Deira tàbí Satwa.

Ẹni tó dá gba ilé tiẹ̀ náà ò bọ́. Sọ̀wédowó tí wọ́n kọ ọjọ́ iwájú sí lára ni wọ́n fi ń san owó ilé ní Dubai. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ti pé, lánlọ́ọ̀dù á gbé e lọ sí báńkì, kò ní bèèrè bóyá èèyàn lọ ọlidé. Kí wọ́n tó tún òfin ṣe lọ́dún 2022, sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn lè sọ èèyàn dèrò ẹ̀wọ̀n wẹ́rẹ́. Lónìí náà, ilé ẹjọ́ ṣì lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi tipátipá gba owó ọ̀hún.

ẸSẸ̀ Ò GBỌDỌ̀ PẸ́ NÍLÉ

Ẹni tó bá lò ju oṣù mẹ́fà lọ láìwọ̀lú, ìwé ìgbélùú ẹ̀ lè kú, àfi tó bá ní àwíjàre tí ìjọba gbà. Ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà rí tó lọ́dún 2022, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Emirates ò wá sí Èkó mọ́. Ẹni tó bá ń padà síbi iṣẹ́, àfi kó gba ìlú mìíràn kọjá. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 2024 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ti ẹrù ẹlẹ́rù tún wà níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé oògùn kékeré yìí fún ẹ̀gbọ́n mi." Tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú wà lára ohun tí wọ́n ń fojú ṣọ́ ní Dubai. Ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé dókítà àti àṣẹ ìjọba, àgọ́ ọlọ́pàá ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

"BÀBÁ, ṢÉ Ọ̀LA LẸ Ó DÉ?"

Iṣẹ́ kì í dúró de ẹni tó rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta gbangba, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, òfin ní kí wọ́n kúrò nínú oòrùn láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Wákàtí tó kù ń bẹ lọ́rùn wọn.

Àmọ́ èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ wọn lẹ́kún ju oòrùn lọ ni tàwọn ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ wá, owó oṣù ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4,000 dírámù, tàbí 3,000 pẹ̀lú ilé tí wọ́n fún un. Ẹni tí tiẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, orí fóònù ló ti ń ṣe bàbá. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ laago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni l'Ékòó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú tán lásìkò ọlidé á wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ọ̀la lẹ ó dé?" Kí lèèyàn fẹ́ dáhùn?

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ti kọ́gbọ́n. Kí wọ́n tó lọ sílé ni wọ́n ti ń yọ owó ilé àti owó oúnjẹ oṣù tí wọ́n máa padà dé sọ́tọ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Wọ́n ń jókòó ti ìyàwó tàbí ọkọ, wọ́n á sọ iye tó ń wọlé gan-an fún un. Wọ́n sì ń ṣírò owó ìdágbére tí òfin ní kí ilé iṣẹ́ san: owó iṣẹ́ ọjọ́ 21 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ọjọ́ 30 fún èyí tó bá lé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á wá dá ọjọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù wọn.

Àjò ò kúkú lè dùn kónílé má relé. Ẹni tí kò bá dá ọjọ́ yẹn, ọlidé ni yóò máa fi ilé ṣe, ọmọ tó ń bèèrè lórí fóònù náà ò sì ní yé dàgbà.